Àsọdùn Lọ Ìwé Ìrìnàjò Ìyàwó Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí kì í rí ohun tó rún kó fi í sílẹ̀. Alágbàfọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú títì, Àsọdùn sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí bí òjò bá fọ́n sí i lórí lẹ́ẹ̀mẹta, á wọlé wí pé díẹ̀ ló kù kí òun lúwẹ̀ẹ́ délé. Ó ní ìlà tí òun ń fi áyọ́ọ̀nù fà sójú ṣòkòtò mú débi pé oníbàárà kan fi fá irùngbọ̀n, ó fi gé èékánná, ó tún yá aládùúgbò rẹ̀ lò. Ó ti lọ ìbọ̀sẹ̀ rí. Ó ti lọ okùn bàtà. Owó tó bá bá nínú àpò oníbàárà, á kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ kó tó dá a padà fún olówó, ìwé ìròyìn pàápàá kì í kà kí iná tó kọjá lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹnu ọkùnrin yìí ṣe gbòòrò tó, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í bù mọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Ó gbìyànjú títí, òótọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà ni kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún irọ́.

Pósófíìsì ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà, Ìyá Lẹ́tà sì ni wọ́n ń pè é. Ọdún kejìdínlógún rèé tó ti ń jókòó síwájú àpótí oníhò-hò tó dà bí ilé ẹyẹlé, tó ń sọ lẹ́tà síhò lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́tà tó ń lọ sí ìlú ńlá kan létí òkun, nílẹ̀ òkèèrè, ni ìpín tirẹ̀. Àwọn ọmọ ilé tó wà nílùú yẹn pọ̀ bí eèrà, àwọn ará ilé wọn kò sì jẹ́ kí ọwọ́ Ìyá Lẹ́tà sinmi. Láti ara àpò lẹ́tà nìkan ló ti mọ ìlú náà. Ó mọ òpópónà tí nọ́ńbà ilé ti ń gòkè lọ́wọ́ ọ̀tún, tó tún ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ó mọ ibi tí àwọn olówó ń gbé, torí lẹ́tà ibẹ̀ nípọn bí ìrọ̀rí. Ó mọ àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, torí lẹ́tà ibẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́, ìmọ̀ràn ìyá nìkan ló máa ń wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n sì ti bí i, kò tíì fojú kan òkun rí.

Lọ́dún yìí ni ọ̀gá pósófíìsì fún un ní ìsinmi ọjọ́ méje gbáko. Ọ̀gá náà fi kún un pé bó bá fi ti ọ̀tẹ̀ yìí ṣòfò, ó di ọdún mẹ́ta kí òmíràn tó yọjú, torí òṣìṣẹ́ ti dín kù.

Oṣù mọ́kànlá ni Ìyá Lẹ́tà fi pète ọjọ́ méje. Ó ra ìwé ìkọ̀wé kan, ó sì ń kún un díẹ̀díẹ̀ nírọ̀lẹ́, lórí tábìlì ìlọṣọ ọkọ rẹ̀. Àsọdùn á dá iṣẹ́ dúró, á káwọ́ gbera, á máa wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó ń kọ́ ilé alájà láìsí búlọ́ọ̀kù.

"Ẹ wò ó," Ìyá Lẹ́tà á wí. "Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àlejò kiri etí òkun, owó rẹ̀ tó owó bàtà méjì. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ̀ kọjá láàárọ̀, owó búrẹ́dì kan ni. Omi kan náà ni wọ́n jọ ń rìn lé."

"Afẹ́fẹ́ kan náà!" Àsọdùn á kígbe. "Èébì kan náà!"

"Ilé ohun àtijọ́ wọn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbowó níbẹ̀, àfi ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Mo ti mú kí ọjọ́ Ẹtì tiwa bọ́ sí i. Búrẹ́dì, tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n tìlẹ̀kùn ni ká lọ rà á, ìdajì owó ni wọ́n ń tà á nígbà yẹn. Àpò kan péré ni kálukú wa máa gbé, torí bàlúù tí owó rẹ̀ kéré, orí àpò kejì ló ti ń jèrè. Ẹ̀wù méjì nínú àpò, ìkẹta lára."

"Mo lè wọ mẹ́jọ sára. Kí ni mẹ́jọ? Mo lè wọ ogún, kí n rí bí àgbá."

"Tí wọ́n bá wá yí yín sọ́dọ̀ ẹrù ńkọ́?"

Àsọdùn á rẹ́rìn-ín títí áyọ́ọ̀nù á fi tutù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á gba ọ̀dọ̀ aránbàtà tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kángun síra lọ. "Ọ̀rẹ́, ìyàwó mi mọ ìlú yẹn ju olórí ìlú wọn lọ. Tí olórí ìlú wọn bá ṣìnà, ìyàwó mi ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè." Aránbàtà á gé òwú bàtà pẹ̀lú eyín, á ní, "Tìyẹn, mo gbà. Àmọ́ òógùn garawa mẹ́ta tẹ́ ẹ ní ẹ là lánàá, n kò gbà."

Nínú gbogbo ètò náà, yàrá lọba. Ilé ìtura kan wà létí omi gan-an, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Ẹni tó bá gbọ́ owó rẹ̀, ilé ló máa padà sí. Ìyá Lẹ́tà ló wá a, tó tú u, tó rí i pé lóṣù tí àlejò bá ṣọ̀wọ́n, wọ́n máa ń fún àwọn ejẹ́ńtì ìrìnàjò ní ìwé ẹ̀dínwó. Ìdajì owó ni, fún ẹni tó bá mú ojúlówó ìwé náà dání. Wọn kì í gba ẹ̀dà. Èyí tó kù lọ́wọ́ ejẹ́ńtì àdúgbò wọn ló gbà: ìwé tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, funfun, irú èyí tí ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù máa ń pọ̀ jáde tí èèyàn bá rajà. Ó gbé e kiri nínú àpò ọwọ́ rẹ̀, ó ń yọ ọ́ wò, ó ń dá a padà, títí ó fi rún bí ojú arúgbó tó ń jẹ ọsàn kíkan.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n wọ bàlúù, Ìyá Lẹ́tà gbàgbé ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ sórí tábìlì ìlọṣọ, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ìwé yàrá náà yọrí jáde láàárín rẹ̀.

Àsọdùn rí i. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó yíjú sí kọ́là ẹ̀wù tó ń lọ̀, ó tún yíjú padà. Ó rò ó lọ́kàn pé obìnrin yìí ti ṣe gbogbo ètò, òun kò tíì fi ọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀ ju kí òun máa pariwo. Ẹ jẹ́ kí òun náà ṣe ìwọ̀nba tí òun mọ̀ ọ́n ṣe.

Kì í ṣe aláìgbọ́n. Ó dín iná kù sí ti aṣọ ṣẹ́dà. Ó tẹ́ ìwé náà gbọọrọ, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó wá gbé áyọ́ọ̀nù kọjá lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan péré, bí ìyá tó ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Ó ká aṣọ kúrò.

Ìwé náà ti dúdú. Kò jó, kò rú èéfín, kò lu. Ó kàn dúdú láti orí dé ìdí bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti rì sínú òkùnkùn. Rírún kankan kò sì sí lára rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí Àsọdùn ti ń lọ nǹkan, kò tíì lọ èyí tó dán tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó yí áyọ́ọ̀nù sókè, ó wo ojú rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìwé, ó wọ́n omi sí i, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì bí ẹni pé dúdú náà lè já bọ́.

"Kí lẹ̀ ń gbọ̀n bí ọmọ tí gírì mú?" ni aránbàtà wí lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó gba ìwé náà, ó wò ó, ó sì mí kanlẹ̀. "Ha. Ẹ lọ̀ ọ́. Irú ìwé yìí kò ní yíǹkì o. Ooru ni ẹ̀rọ wọn fi ń kọ ọ́. Ẹ̀yin wá fi ooru yín kọ gbogbo ara rẹ̀ tán."

"Mi ò kọ nǹkan kan!"

"Ẹ kọ ọ́, Bàbá. Ẹ kọ̀wé ju ẹni tó lọ yunifásítì lọ."

Àsọdùn ti ṣọ́ọ̀bù, ó di ọ̀dọ̀ ejẹ́ńtì. Ọ̀dọ́kùnrin tó mọ́ra ni ejẹ́ńtì, ó sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àfìgbà tó rí ojú àgbàlagbà náà tó fi gbé ẹ̀rín mì. Ó ní ti bàlúù kò le, orúkọ wọn wà nínú ẹ̀rọ, òun lè tẹ ìwé rẹ̀ jáde nígbàkígbà. Ti yàrá ni kò sí ọgbọ́n tí òun lè dá sí i. "Wọn kì í gba ẹ̀dà, Bàbá, òun náà ló sì kẹ́yìn lọ́wọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lọ́wọ́ òfo, owó kíkún ni. Owó tẹ́ ẹ ní sílẹ̀ yìí kò lè tó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ."

Bí Àsọdùn ṣe ń rìn padà, ó ń wá irọ́. Ọkùnrin tó ti fi ogún ọdún parọ́ láìnáání, ọjọ́ tó nílò ẹyọ kan, gbogbo rẹ̀ sá fún un. Àrá ló sán lù ú. Ẹ̀ẹ̀rùn rèé, àrá wo? Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ á jẹ ìwé, kó wá pọ̀ ọ́ padà ní gígùn, ní dídán? Olè ló gbé e. Olè wo ló máa kun ìwé ní dúdú, kó tún wá dá a padà sórí tábìlì? Ó délé, kò rí ẹyọ kan mú.

Nígbà tí Ìyá Lẹ́tà wọlé tó ń bọ́ bàtà, ọkọ rẹ̀ dúró láàárín ilé bí ọmọ tí tíṣà dá dúró.

"Mo lọ ìwé yàrá," ló wí.

"Ẹ lọ kí ni?"

"Ìwé yàrá wa. Mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ó dúdú. Ejẹ́ńtì ní kò sí òmíràn."

Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù tó ti sọ láti ọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó na ìwé dúdú náà sí i, ó sì ki ọrùn bọ èjìká, ó ń retí ìjì.

Ìyá Lẹ́tà gbà á. Ó gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Ó rọra jókòó. Ó wá mí èémí kan tó jìnnà, èémí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Àsọdùn mọ èémí yẹn dáadáa. Òun ni oníbàárà máa ń mí nígbà tó bá sáré wá gba aṣọ ìpàdé, tí wọ́n wá sọ fún un pé ìpàdé náà ti yẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ ká sinmi wa nílé."

Ìyẹn ló bà á lẹ́rù ju igbe lọ. Ó fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀. "Kí ló dáa níbẹ̀? Oṣù mọ́kànlá! Bú mi. Ju bàtà lù mí. Bàtà náà rèé."

"N kò bínú."

"Ohun tí mo ń bi ọ́ nìyẹn. Kí ló dé tí o ò bínú?"

Ìyá Lẹ́tà ń fi àtàǹpàkò pa ìwé dúdú náà lára. "Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń bá ìlú yẹn gbé lórí ìwé," ló wí. "N kò ṣìnà níbẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà wá ń sọ káàkiri pé mo mọ̀ ọ́n ju olórí ìlú wọn lọ. Tí mo bá débẹ̀ tí n kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì ńkọ́? Tí mo bá dúró láàárín títì, tí ariwo àti ọkọ̀ bá bò mí, tí gbogbo ohun tí mo rò pé mo mọ̀ bá jẹ́ bébà lásán? Èmi mọ ìlú náà, òun kò mọ̀ mí. Láti oṣù tó kọjá ni mi ò ti sùn dáadáa. Nígbà tẹ́ ẹ fi ìwé yìí hàn mí, àyà mi fúyẹ́."

Àsọdùn la ẹnu. Ọ̀rọ̀ àsọdùn mẹ́rin tó sanra ti tò sẹ́nu ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn. Ó gbé gbogbo wọn mì.

"Tí o bá ṣìnà," ló wí, "ẹ̀yìn rẹ ni mo wà, a jọ máa ṣìnà ni. Kì í ṣe òkun ni mo fẹ́ lọ wò. Ìwọ ni. Mo fẹ́ tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn nílùú àjèjì, kí n máa wo bí o ṣe ń yà sọ́tùn-ún, tí ò ń yà sósì, tí o ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Tó bá sì jẹ́ pé a bi ogún èèyàn, màá wò ọ́ bí o ṣe ń bi wọ́n. Oṣù mọ́kànlá ni mo ti ń wò ọ́ lórí tábìlì yìí, kò sú mi."

Ìyá Lẹ́tà gbójú sókè. "Ẹ ò fẹ́ wo òkun?"

"Màá wò ó, tó bá wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà kó tó mọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó fa ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ sọ́dọ̀, ó sì fagi lé yàrá etí omi. Kò sọ pé òun ń lọ, kò sì sọ pé òun kò lọ. Ó kàn ní kí wọ́n jọ dé ọ̀dọ̀ ejẹ́ńtì lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì, ejẹ́ńtì tẹ́ àwọn yàrá tówó wọn kò ga sórí tábìlì fún wọn, ojú ìwé mẹ́ta. Ìyá Lẹ́tà kò kà á bí èèyàn ṣe ń kàwé. Ó fi ìka sáré sọ̀ kalẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa lẹ́tà. "Èyí jìnnà. Èyí, ilé ijó ló kún òpópónà ibẹ̀, ẹ ò ní í sùn. Èyí, nọ́ńbà yìí kò sí níbẹ̀, wọ́n fẹ́ lu yín ní jìbìtì."

Ejẹ́ńtì sáré mú bírò, ó fagi lé e. Àsọdùn gbá a nígbọ̀nwọ́. "Ṣé o rí i? Ṣé mo parọ́?"

Ìka Ìyá Lẹ́tà dúró. "Èyí ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ni ejẹ́ńtì wí. "Orí òkè ni. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀, àtẹ̀gùn òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ni. Ọdún méjì rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi, ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀."

"Mo mọ òpópónà náà. Nígbà míì, lẹ́tà ibẹ̀ máa ń padà wá bá wa. Wọ́n á kọ ọ́ sí i lára pé àwọn kò bá onílé. Irọ́ ni, orúnkún ló ń dun agbélẹ́tà wọn." Ó gbá ìwé náà pẹ́. "Ibi tí agbélẹ́tà kò bá fẹ́ gùn, owó yàrá ibẹ̀ kò lè ga. Èló ni?"

Ejẹ́ńtì dárúkọ iye náà. Ó kéré sí ìdajì owó yàrá etí omi, ọjọ́ méjèèje á wọ̀ ọ́ wẹ́kú, owó ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ á sì ṣẹ́ kù. Àsọdùn ní òun á pọn ẹrù, òun á pọn ìyàwó òun, òun á tún pọn agbélẹ́tà wọn gòkè pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀. Wọ́n ní kó fara balẹ̀.

Ejẹ́ńtì pe onílé náà lórí fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta, ó sì gbé e síwájú Ìyá Lẹ́tà. Ìyá àgbà kan ló gbé e, ọmọ ilé ni, ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń gbé lọ́hùn-ún.

"Àtẹ̀gùn wà o," ni ìyá náà wí kíákíá. "N kò ní í tan yín jẹ."

"A mọ̀, Mà."

"Tẹ́ ẹ bá sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ máa rí ilé oògùn kan..."

"Lọ́wọ́ ọ̀tún, nọ́ńbà kejì," ni Ìyá Lẹ́tà wí. "Ilé ìwé àwọn ọmọdé ni nọ́ńbà kẹfà, ẹni tó ń tún aago ṣe ló wà ní ìkẹsàn-án, lódìkejì."

"Aláago ti kú. Ẹni tó ń ta dígí ojú ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti gbé ibí rí ni?"

"Rárá, Mà. Pósófíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń ṣa lẹ́tà yín."

Ohùn ìyá náà rẹlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń kọ̀wé sí mi. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló máa ń kọ dípò mẹ́tàlá tó jẹ́ ti ilé mi. Láti ìgbà yìí ni ẹnì kan ti máa ń fi pẹ́ńsù pupa fagi lé e, á wá kọ mẹ́tàlá sábẹ́. Mo bi agbélẹ́tà wa, ó lóun kọ́."

Ìyá Lẹ́tà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Méjìlélógún ni nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lójú pópó yín, Mà. Kò lè jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, Mà."

"Ìgbà wo lo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí? Àmì pupa yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó ya lẹ́tà. Bí mo bá ti rí pupa, mo mọ̀ pé ó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ̀."

Àsọdùn kò lè mú un mọ́ra. Ó na ọrùn sí fóònù, ó ké, "Ìyàwó mi ni o! Èmi ni mo fẹ́ ẹ! Mà, ẹ gbọ́ mi?"

"Ta ni ìyẹn?"

"Ọkọ mi ni, Mà. Ẹ má bínú."

"Kó máa bọ̀. Ẹni tí èémí rẹ̀ tó báyìí, àtẹ̀gùn kò ní í ṣe é ní nǹkan kan. Ọjọ́ wo lẹ máa dé? Màá rọra sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé yín nídìí bọ́ọ̀sì."

Ìyá Lẹ́tà wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà di ẹnu ara rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ ràn bí iná áyọ́ọ̀nù.

"Ọjọ́ Ajé, Mà," ni Ìyá Lẹ́tà wí, "ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu pé ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. A mọ ọ̀nà."